Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Lálàá Àtiṣe Ẹ̀dà Ìbọn Ológun Àtijọ́ Lówó Pọ́ọ́kú

Ìbọn ológun àtijọ́ ń gbówó lórí sí i lọ́dọọdún. M1 Carbine, ìbọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn Amẹ́ríkà, ní dọ́là 20 péré lọ́dún 1963, ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó rẹ̀ lónìí ní láti kó ẹgbẹ̀rún dọ́là kan ó lé kalẹ̀. Ibẹ̀ ni àlá yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn irú ìbọn bẹ́ẹ̀, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgé-irin nínú gáréèjì rẹ̀, á ní, "Irin àti igi ṣáà ni. Kí ló dé tí a ò lè ṣe tuntun, ká sì tà á fún ara wa ní ìdajì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà?"

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ agboolé ló ní bàbá àgbà tó bá àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ jà ní Bọ́mà lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ di irú ìbọn Lee-Enfield ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá àgbà náà gbé mú, kó mọ bó ṣe wúwo tó léjìká ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé àlá náà lè jẹ owó ilé, ó lè tú ọ̀rẹ́ ká, ó lè gba ìka tàbí ojú lọ́wọ́ ẹni, ó sì lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù wọ̀nyí ló ń wá láti inú àwọn àṣìṣe kan náà.

Má fi iye owó ayé ogun ṣírò

Èyí ló tóbi jù, nítorí náà màá pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń lálàá á kà á pé M1 Garand, ìbọn gígùn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé, ná ìjọba Amẹ́ríkà ní nǹkan bí dọ́là 85 lásìkò ogun, pé M1 Carbine sì jẹ́ nǹkan bí dọ́là 45. Á kà á pé Thompson, ìbọn arọ̀jò-ọta kékeré, tó jẹ́ dọ́là 209 lọ́dún 1939 ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí dọ́là 45 nígbà tó fi máa di 1944, àti pé M3, irú rẹ̀ mìíràn tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ jáde, kò ju nǹkan bí dọ́là 20 lọ. Á wá sọ owó ìgbà náà di ti ìsinsìnyí, á yọ díẹ̀ kúrò nítorí pé kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ lóde òní, á sì gbà pé òun ti rí iye tí òun lè tà á.

Iye tó ń wò yẹn kò sí nínú irin rárá. Inú bí ìbọn náà ṣe pọ̀ tó ló wà. M1 Carbine tí wọ́n ṣe láàárín 1942 sí 1945 ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá ni ìjọba pín iṣẹ́ náà fún. Winchester tó ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rock-Ola tó ń ṣe ẹ̀rọ orin, Underwood tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, IBM, àti Inland tó jẹ́ ẹ̀ka General Motors, tó dá ju mílíọ̀nù méjì ṣe nínú wọn. Lẹ́yìn àwọn yìí, ilé-iṣẹ́ kéékèèké lọ́tùn-ún lósì ló ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àwọn irinṣẹ́, àwọn ohun ìdìmú àti àwọn ohun ìwọ̀n tí iṣẹ́ náà nílò jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Bí a bá pín in sórí mílíọ̀nù kan ìbọn, dọ́là kan ṣoṣo ló kan ìbọn kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín in sórí ìbọn 500, dọ́là 2,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò sì tíì ra irin, a ò tíì sanwó òṣìṣẹ́, a ò tíì san ìnṣọ́ránsì. Kò sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lè fo ìṣirò yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà BAR, ìbọn arọ̀jò-ọta Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ Ohio Ordnance ń ṣe, tàbí ẹ̀dà FG42, ìbọn Jámánì, ti ilé-iṣẹ́ SMG Guns ní Texas, fi ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní ọ̀kánjúwà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀yà kan ṣoṣo láti inú irin ńlá kan kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Owó nìkan pàápàá kò tó. Irwin-Pedersen ní Grand Rapids, Michigan, wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá tí mo mẹ́nu bà. John Pedersen, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nídìí àgbékalẹ̀ ìbọn ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ló wà nínú rẹ̀. Owó ìjọba wà nílẹ̀, ogun ń jà, oníbàárà kan ṣoṣo tó ń dúró de ọjà náà kò lè yí ọkàn padà. Síbẹ̀, wọ́n to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn jọ, ìjọba ò tẹ́wọ́ gba ẹyọ kan nínú wọn. Lọ́dún 1943 wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Saginaw. Ẹni tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ kan náà ní láti mọ ìtàn yìí dáadáa.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ. John Garand kò ṣe àgbékalẹ̀ ìbọn nìkan. Òun náà ló ṣe àgbékalẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí Springfield Armory ní Massachusetts fi ń ṣe é. Nígbà tí Ítálì fẹ́ máa ṣe Garand tiwọn lẹ́yìn ogun, àwọn ẹ̀rọ tí Winchester fi ṣe é ni wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ Beretta. Àwòrán ìbọn náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ ògbóǹkangí nínú iṣẹ́ ìbọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àmọ́ wọn kò ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹni tó rò pé òun lè ṣe é láìní irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ kó pọ́ọ́kú, ti fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ sẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Má rò pé àwòrán kan tàbí ìbọn kan ti tó láti wò ṣe

Àwòrán iṣẹ́ ìbọn àtijọ́ kò ṣòro láti rí. Ohun tó ṣòro ni láti mọ èyí tó bá èyí mu. Àwọn ìbọn yìí ń yí padà bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n lọ: ọ̀nà tí Garand ń gbà fi atẹ́gùn ẹ̀tù ṣiṣẹ́ yí padà ní nǹkan bí 1940, ibi tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ogun kọ́ sí lẹ́nu M1 Carbine kò sì dé àfi nígbà tí ogun ń lọ sópin. Ẹni tó bá mú ojú ìwé kan láti ibí, tó mú òmíràn láti ọ̀hún, á ṣe ohun tí kò sí ọmọ ogun kan tó lò ó rí, àwọn olùkójọ sì máa rí i lójú ẹsẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní àwọn á wọn ìbọn ọ̀rẹ́ àwọn. Ìbọn yẹn ti lé ní 80 ọdún. Ó ti lọ sí ogun, ó ti dé ibi àtúnṣe, wọ́n ti yọ ẹ̀yà rẹ̀ fún òmíràn, wọ́n sì ti fi ti òmíràn sínú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá wọ̀n lára rẹ̀ ni bó ṣe jẹ tó, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é. Ààlà tí ẹ̀yà kan lè fi tóbi tàbí kéré, bí irin rẹ̀ ṣe le tó, irú agbára tí sípíríǹgì rẹ̀ ní, kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ohun ìwọ̀n lè fi hàn yín lára ìbọn kan ṣoṣo.

Má fi ojú lásán díwọ̀n iná irin

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí dúró sí nìyí, nítorí ibí ni ìpalára wà.

Receiver, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ìbọn, ìdákọ́ àti gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, kò jìnnà sí ojú ẹni tó ń yìnbọn. Nínú ìbọn bíi Garand, nígbà tí ọta bá gbiná, agbára tó ń tì í máa ń tó nǹkan bí 50,000 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí irin náà bá rọ̀ jù, ó máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá le gbagidi láìní rírọ̀ nínú, ó máa fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan náà láìfún ẹnikẹ́ni ní ìkìlọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Springfield M1903. Ìbọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ti wà láti 1794 ló ń ṣe é. Lọ́dún 1917, àwọn kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń gbóná irin náà kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ògbólógbòó ni wọ́n. Ojú ni wọ́n fi ń wo pípọ́n irin, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ohun èlò tó ń wọn ooru wá, wọ́n rí i pé irin tí ojú kan náà sọ pé ó ti tó lọ́jọ́ tí oòrùn ràn lè gbóná ju ti ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú lọ pẹ̀lú ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Irin náà ti jóná kó tó di ìbọn. Ní oṣù Kejì 1918 ni wọ́n yí ọ̀nà iṣẹ́ náà padà. Títí di òní, M1903 ti Springfield tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000, àti ti Rock Island, ilé-iṣẹ́ ìjọba kejì tó ń ṣe é, tí tirẹ̀ kò tó 285,507, ni àwọn tó mọ̀ ń gbé kọ́ sára ògiri, tí wọn kì í yìn.

Ẹ ronú sí i. Ilé-iṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, irin tí wọ́n mọ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo nídìí iná, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ìbọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ẹni tó ń gbé irin fún ẹni tó fi iye tó kéré jù lọ ṣiṣẹ́, tí kò béèrè ìwé àyẹ̀wò, ń fi ojú ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

Mo fẹ́ tún èrò kan ṣe níbí. Àwọn ènìyàn ń sọ pé irin tí wọ́n yọ́ dà kò dára, pé èyí tí wọ́n rọ nìkan ló dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìbọn Ruger ti fi irin dídà kọ́ orúkọ rere, àwọn receiver tí wọ́n dà tí wọ́n sì tọ́jú dáadáa sì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó burú ni dídà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí mi ò ní gbà rárá ni ti receiver tí ìjọba ti fi iná gé sí méjì, tí ẹnì kan wá jó pọ̀. Lẹ́yìn ogun, irú Garand bẹ́ẹ̀ wọ ọjà ní Amẹ́ríkà. Iná jíjó ń ba líle irin jẹ́ ní àyíká ojú oríkèé rẹ̀, títẹ́jú rẹ̀ kì í sì í sábà padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá rí i lówó pọ́ọ́kú, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti 1868 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ta ìbọn tí wọn kò tíì dán wò ní ilé ìdánwò, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Birmingham. Ítálì náà ní tiwọn ní Gardone Val Trompia. Amẹ́ríkà kò ní òfin tó fi dandan mú un. Ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀dà níbẹ̀ tó gbà pé nítorí òfin ò béèrè, ìdánwò kò pọn dandan, kò yẹ kó máa ta ìbọn fún ẹnikẹ́ni.

Má máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní jẹ́ òun mọ́

Ẹni tí owó bá ń fún lọ́rùn máa ń wá ohun tó lè yọ kúrò. Universal Firearms ní Hialeah, Florida, ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà M1 Carbine tó ṣẹ́kù láti ìgbà ogun ni wọ́n ń tò pọ̀. Nígbà tí ẹ̀yà wọ̀nyẹn ń tán lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn lọ́nà tó dín owó kù: wọ́n fi irin títẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n rọ, wọ́n fi sípíríǹgì méjì síbi tí ọ̀kan wà. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìbọn ológun kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Ó jọ M1 Carbine bí ẹ bá wò ó láti òdìkejì títì. Ó tà nígbà náà, nítorí ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n lónìí àwọn olùkójọ kì í wo ojú rẹ̀, ẹni tó ní i sì ń wá ẹ̀yà kiri.

Àwọn tó ṣàṣeyọrí gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Pedersoli bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti Uberti ní 1959, àwọn méjèèjì ní àfonífojì Val Trompia tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn láti ayébáyé. Ìbọn ẹ̀tù dúdú ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbájú mọ́. Ẹ̀yà rẹ̀ kéré, agbára ẹ̀tù rẹ̀ kò tó ti òde òní, àwọn tó ń fi ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣe eré ìrántí sì ń rà á lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n yan ohun tí owó pọ́ọ́kú lè ṣe dáadáa. Èyí ni ìpinnu tí ẹni tó ń lálàá máa ń fò: ó ti yan ìbọn tó wù ú kó tó béèrè irú ìbọn tí agbára òun ká.

Má dúró lórí ìdajì òfin

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé ará ìlú lè ṣe ìbọn fún ara rẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ṣíṣe àti títà rẹ̀ di òwò nílò láísẹ́ǹsì láti ọ̀dọ̀ ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, lábẹ́ òfin 1968, bí gbogbo oníbàárà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi California, New York àti New Jersey tún ní òfin tó le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Ti ìbọn arọ̀jò-ọta tún yàtọ̀ pátápátá: òfin 1934 ti wà lórí rẹ̀, láti ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1986 sì ni ará ìlú kò ti lè ní èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Thompson, BAR àti StG 44 ti Jámánì àtijọ́ wà lábẹ́ èyí. Ẹni tó bá rò pé ìyàtọ̀ kékeré kan nínú rẹ̀ ti yọ òun, kó mọ̀ pé ATF ló ń pinnu, kì í ṣe òun. Ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi àpẹẹrẹ kan ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń dúró de ìdáhùn wọn lórí ìwé kí wọ́n tó ta ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa gan-an. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, yálà ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀, bíi ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní káàdì ìgbé-ayé títí láé kò sí nínú èyí. Ọ̀dọ́ tó wà lórí físà ilé-ìwé tó bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ to ìbọn àtijọ́ pọ̀ nínú gáréèjì lè pàdánù ìwé rẹ̀ àti òmìnira rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sọ fún àwọn àbúrò yín.

Ní Nàìjíríà, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá. Òfin ìbọn ti 1959 to àwọn ìbọn tí a fòfin dè lẹ́sẹẹsẹ, ìbọn ológun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ .303 àti 7.62 sì wà níbẹ̀ ní tààrà. .303 ni Lee-Enfield tí àwọn bàbá wa gbé ní Bọ́mà. Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí òkúta ń tanná sí pàápàá wà lára èyí tí wọ́n dè. Ìbọn ṣakabùlà wà ní ìpele tirẹ̀, ó sì nílò láísẹ́ǹsì. Ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ iṣẹ́ yìí, mi ò sì fojú kéré wọn, ṣùgbọ́n mímọ iṣẹ́ kì í ṣe àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹ̀yà ìbọn mọ́ ẹrù ránṣẹ́ sílé: Amẹ́ríkà ní òfin lórí kíkó o jáde, ìbọn ìléwọ́ atẹ́gùn lásán pàápàá sì wà nínú ìwé ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kó wọlé.

Má pè é ní ẹ̀dà lásán

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2021, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní New Mexico, ọta kan pa Halyna Hutchins tó ń darí kámẹ́rà. Ìbọn tó pa á jẹ́ ẹ̀dà. Ilé-iṣẹ́ Pietta ní Ítálì ló ṣe é ní àwòkọ ìbọn ìléwọ́ Colt àtijọ́, ọta gidi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà tó lè yìn, ìbọn ni. Ọjọ́ orí àwòrán rẹ̀ kò yí ohun tó lè ṣe padà.

Èyí tí kò lè pa ènìyàn pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2014, ní Cleveland, Ohio, ọmọ ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Tamir Rice ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré nínú ọgbà ìgbafẹ́. Àwòkọ M1911 ni, ìbọn ìléwọ́ ológun Amẹ́ríkà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọ̀ ọsàn tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ti kúrò. Ọlọ́pàá yìnbọn fún un láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí wọ́n débẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Òbí aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ̀dà ìbọn nílé lókè òkun, kódà èyí tí wọ́n fi igi àti síǹkì ṣe, ní láti tì í pa síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé, kó má sì gbé e jáde láìsí pé ó wà nínú àpò tó bò ó.

Ẹni tó ń lo ẹ̀dà ìbọn ẹ̀tù dúdú, kó má fi ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín sínú rẹ̀ láé. Ó máa bẹ́. Àwọn àwòkọ ìbọn òkúta-iná kan sì ń wá láti Íńdíà lówó pọ́ọ́kú gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́ tí kò lè yìn, tí wọn kò dán wò níbì kankan. Kí wọ́n jẹ́ ọ̀ṣọ́ títí lọ.

Má gba owó kí iṣẹ́ tó wà

Igba ènìyàn á sọ pé àwọn máa rà á. Nígbà tí àkókò ìsanwó bá dé, díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ti fi iye tí wọ́n fi ẹnu sọ ra ẹ̀rọ ti wọ gbèsè. Èyí tó burú jù ni gbígba àsansílẹ̀ láti fi ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́: bí iná irin bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, owó náà ti lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ti di olùpẹ̀jọ́. Owó ara ẹni ni kí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́, kí ó sì ti kọjá ìdánwò kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Má tẹ àmì àtijọ́ sára ohun tuntun

Àmì àyẹ̀wò ológun Jámánì, àmì bọ́ǹbù Springfield Armory, nọ́ńbà tó bá ti ìgbà ogun mu: àwọn ènìyàn ń fẹ́ ẹ kí ẹ̀dà lè pé. Lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe é bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á tà á, ẹni tó rà á á tún un tà gẹ́gẹ́ bí ojúlówó. Ìtàn ti ń bàjẹ́ lọ́nà yìí. Kí orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọdún tó ṣe é hàn gbangba lára irin rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀

Garand ojúlówó ṣì wà ní Amẹ́ríkà. CMP, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa ta ìbọn ológun àtijọ́ fún ọmọ ìlú tó yẹ, ti gba ọ̀pọ̀ padà láti Philippines àti Turkey, iye rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ẹni tó fẹ́ gbé e lọ́wọ́ láìyìn ín lè wo àwọn tí ilé-iṣẹ́ Denix ń ṣe ní Spéènì láti 1966. Àwọn ará Japan ti sọ ìbọn àwòṣe di iṣẹ́ ọnà pátápátá; láti 1971, òfin wọn ní kí ìbọn ìléwọ́ onírin tí wọ́n bá fi ṣàwòṣe jẹ́ funfun tàbí òfeefèé, kí ẹnu rẹ̀ sì dí.

Ibi ìyàwòrán fíìmù àti ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wa nílò irú èyí. Nígbà ogun Kírìjì, ìbọn Snider àti Martini-Henry tí wọ́n gbà láti Èkó wà lọ́wọ́ àwọn Èkìtì Parapọ̀, ariwo ohun ìjà wọn sì ni ogun náà fi gba orúkọ. Síbẹ̀ ṣakabùlà nìkan ni a sábà ń rí nínú fíìmù wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ lè fi igi àti rọ́bà gbẹ́ Snider tó máa jọ ọ́ níwájú kámẹ́rà. Kí àwọn tó ń ya fíìmù sì fi tó ọlọ́pàá àdúgbò létí kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yún un láti ṣe nǹkan fún tità, kó lọ bá àwọn olùkójọ sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá kiri jù kì í ṣe receiver. Igi ìdí ìbọn tó ti là ni, igi ìbòrí ọ̀pá tí kòkòrò ti jẹ, okùn ìfikọ́ aláwọ tó ti já, àpò ọta aláṣọ tó ti gbó. Èyí tó dára nínú wọn kò pọ̀ lọ́jà, kì í sì í bẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kò béèrè láísẹ́ǹsì ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbẹ́ igi tàbí tó ń rán awọ, iye tí wọ́n á sì san fún igi ìdí Lee-Enfield kan tó wọ̀ ọ́ ṣánṣán, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti 1943 mu, tó ẹni tó ní sùúrù láti fi bẹ̀rẹ̀.